Láti Òjò Ìkẹyìn dé Ọyẹ́: Àkọsílẹ̀ Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Kubwa

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó títí òjò fi dá pátápátá kí n tó mú ọkọ́. Mo ní kí ẹrẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ, kí ara mi náà sinmi díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àgbàdo àti ilá. Ìgbà tí mo máa padà dé ẹ̀yìnkùlé ní ìdajì oṣù kọkànlá, ilẹ̀ pupa yìí ti le bí ògiri. Dígà ni mo fi gbẹ́ ibi tí mo fẹ́ gbin tòmátì sí, òkúta wẹ́wẹ́ ń ta sí mi lójú. Omi tí mo bá sì bù sí i, ńṣe ló ń ṣàn lọ sí ìdí ògiri. Kí Kérésìmesì tó dé, igi tòmátì mẹ́rìnlélógún ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, owó tí mo san fún mẹ́ruwà tó ń ta omi sì ti ju owó tí ǹ bá fi ra tòmátì lọ́jà lọ. Ó dùn mí wọra. Lọ́dún yìí, mo ra ìwé pélébé kan, mo sì pinnu pé òjò ò ní dá kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn ni mo tún kọ síbí, kí ó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yìnkùlé náà ò tóbi. Mítà 12 ni gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 8. Ilẹ̀ pupa olókùúta ni, irú èyí tó pọ̀ ní Abuja, kànga kan sì wà ní igun rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé òjò tiyín máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kó tó tún padà wá. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wá: á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì lọ ní ìparí oṣù kẹwàá. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, ó di oṣù márùn-ún. Ó pẹ́ kí èmi tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba èyí gbọ́.

27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rìn yí ọgbà ká kí oòrùn tó mú. Àgbàdo ti di pòròpórò. Ilá ti ga jù mí lọ, èyí tó ń so ti le bí igi. Ewédú tí mo gbìn ní ìparí oṣù kẹjọ ò tíì kan orúnkún mi tó ti ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, ṣọkọ náà sì ti yọrí sókè bí ìrù ológbò. Ìyàwó mi ní ilẹ̀ ló ti ṣá.

Kì í ṣe ilẹ̀. Ewédú àti ṣọkọ máa ń wo gígùn ọ̀sán. Láti ìparí oṣù kẹfà, ọ̀sán á máa kúrú, òru á máa gùn, tó bá fi di oṣù kẹsàn-án, wọ́n á gbà pé àkókò àtiso ti tó, wọ́n á sì kọ ewé sílẹ̀. Kò sí ajílẹ̀ tó lè yí ọkàn wọn padà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ewédú nínú ẹ̀ẹ̀rùn níbí, kó gbìn ín kí ó ki, kó sì fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, kó tó ronú òdòdó. Mo fi igi mẹ́fà sílẹ̀ fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, mo fa ìyókù tu.

Koríko tó wà lẹ́bàá ògiri, mo bẹ́ gbogbo rẹ̀ lónìí, mo sì tò ó sórí àgbá igi kí ó gbẹ. Mo yára ṣe é nítorí pé kò tíì so. Bí mo bá dúró kí ó so kí n tó fi bo ilẹ̀, ara mi ni mò ń gbin koríko fún.

Kànga: mo so kókó sí okùn kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, mo so òkúta sí ẹnu rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú kànga. Láti ẹnu kànga dé ojú omi, kókó méjì.

4 Oṣù Kẹwàá

Mo gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, mo bu omi kún un, ó fà á tán, mo tún bu omi kún un. Lẹ́yìn wákàtí kan gbáko, omi náà ò tíì lọ ju ìka méjì lọ. Amọ̀ ni, nígbà náà. Ẹni tó bá ń sọ pé kí á da yanrìn sí i, kó má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn: yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀, oòrùn á sun ún di búlọ́ọ̀kù. Èèpo ìrẹsì àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa ni mo wá kiri. Àpò mẹ́fà ìgbẹ́ màlúù, àpò mẹ́rin èèpo ìrẹsì, mo fi wiìlìbáró kó wọn wá láti ẹnu ọ̀nà.

Mo gbin irúgbìn tòmátì Roma VF àti ata rodo sínú àwọn abọ́ onípọ́lítíìnì lábẹ́ ìbòòji imọ̀ ọ̀pẹ.

5 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣú ebè gíga méjì tán nígbà tí bàbá Hausa kan tó ń ro oko létí odò lẹ́yìn àdúgbò wa kọjá. Ó gbé àpò kábéèjì lé orí kẹ̀kẹ́. Ó kí mi, “Sannu da aiki,” ó sì dúró. Sábó ní Ìbàdàn ni bàbá yìí ti ṣe èwe rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ já gaara.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, kí lo fẹ́ gbìn síbẹ̀?”

Mo ní, “Tòmátì ni, Bàbá. Ti ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ó mi orí. “Gbé e wálẹ̀. Òkìtì lo ṣe fún un. Abọ́ ni kí o ṣe fún un.”

Mo ti ń ro ilẹ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Nílé, ebè ni ebè: à ń ṣú u sókè kí omi òjò má bàa rọ́ jókòó sídìí iṣu. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí omi tí ó pọ̀ jù. Ohun tó wà lókè ni atẹ́gùn àti oòrùn máa ń kọ́kọ́ gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbẹ, kì í ṣe orí nìkan, omi tí a bá sì bù sí i á yọ̀ lọ sí ọ̀nà. Àwọn tó ń gbin àlùbọ́sà àti tòmátì létí odò káàkiri Àríwá, abọ́ ni gbogbo bẹ́ẹ̀dì wọn: ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ, pẹ̀lú ẹnu tó ga yí i ká. Mo ti ń rí i láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ní ọ̀nà Kaduna fún ọdún mẹ́jọ, mi ò sì bèèrè ìdí rẹ̀.

Mo wó ebè méjèèjì. Mo kí bàbá náà ẹ ṣeun, mo sì fún un ní ilá, ó bú sẹ́rìn-ín pé ilá ti gbó jù.

6 sí 11 Oṣù Kẹwàá

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3 ní gígùn àti mítà 1 ní ìbú, kí ọwọ́ mi lè dé àárín láìtẹ ilẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ kó ilẹ̀dú òkè sí apá ọ̀tún. Mo wá gbẹ́ ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ tó ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà, mo fi ìdajì rẹ̀ mọ ẹnu abọ́ náà yíká, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdajì tó kù, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti èèpo ìrẹsì, mo dá a padà, mo wá da ilẹ̀dú lé e lórí. Nígbà tó parí, ojú ilẹ̀ inú bẹ́ẹ̀dì fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan rẹlẹ̀ ju ọ̀nà tí mò ń rìn lọ. Ọ̀kan lóòjọ́ ni agbára mi gbé. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì rọ̀, ọkọ́ ń wọlé gbùlà, inú mi ń dùn sí i. Lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀dì kan ì bá gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ohun kan wà tí bàbá ò sọ, òjò ló kọ́ mi. Lóru ọjọ́ 10, òjò rọ̀, bẹ́ẹ̀dì méjì kún bí adágún. Ilẹ̀ ò tíì fẹ́ abọ́ nígbà tí òjò ṣì ń bọ̀. Mo fi ọkọ́ gé ẹnu kékeré sí igun kọ̀ọ̀kan kí omi máa bá ibẹ̀ jáde, mo sì pinnu pé ọjọ́ tí òjò bá dá ni màá fi amọ̀ dí i.

Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni mo kù díẹ̀ káàtó sí. Ìgbẹ́ màlúù ò kárí, mo bá ra ìdajì àpò ìgbẹ́ adìyẹ, mo sì pò ó mọ́ ilẹ̀ láìjẹ́ kí ó jẹrà. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo ki ọwọ́ bọ inú ilẹ̀ náà, ó gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo fi sílẹ̀, mò ń yí i ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló tó tutù.

14 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ mẹ́wàá, tòmátì ò hù. Ata lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ò dààmú mi, ṣùgbọ́n tòmátì tó ti wà nínú ilẹ̀ tútù fún ọjọ́ mẹ́wàá ó yẹ kó ti yọrí. Mo mú irúgbìn ogún nínú èyí tó kù, mo wé e sínú aṣọ tútù, mo tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná. Mẹ́ta péré ló lajú. Ilé ìtajà tí mo ti rà á ò sí níbi tí mo ti lè dá a padà ní ìrọ̀rùn, mi ò sì ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Mo fi gbà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kò sí irúgbìn tí màá gbìn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi aṣọ tútù dán ogún wò. Agolo tí mo rà lẹ́yìn náà ní ọjọ́ tí wọ́n dì í lára. Ogún ni mo dán wò, méjìdínlógún hù. Mo gbìn ín, pẹ̀lú kábéèjì. Àlùbọ́sà náà wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé òun máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó ṣeé lọ́.

22 Oṣù Kẹwàá

Ìjì. Òjò ìparí níbí kì í wá pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ààrá àti ẹ̀fúùfù ló ń wá, àfi bí ìgbà tó fẹ́ dágbére. Ó ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ọmọ irúgbìn, ó sì gbá abọ́ kábéèjì kan dànù. Èmi àti àwọn Ìbejì sáré kó ìyókù wọ ilé ìdáná, ìyàwó mi sì ń pariwo pé ẹrẹ̀ ni a fi ń kun ilé. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ilẹ̀ gbogbo tutù dé ìsàlẹ̀.

Àwọn bàbá wa ò sọ oṣù yìí ní Ọ̀wàrà lásán.

23 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé yìí nìyí. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ títí di agogo mẹ́wàá.

Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ẹ̀fúùfù ń fẹ́ láti àríwá. Mo fi amọ̀ dí ẹnu gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Mo wá kó koríko gbígbẹ ti oṣù kẹsàn-án àti pòròpórò tí mo ti gé wẹ́wẹ́, mo fi bo ilẹ̀ nígbà tí omi àná ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun ọ̀gbìn kan lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilẹ̀ lásán ni mò ń bò. Ìyá tó wà lójúde kejì, ará Kàbà, wò mí lórí ògiri.

“Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ wá ń bo?”

“Omi ni, Màmá.”

“Omi wo?”

“Èyí tó rọ̀ lánàá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ikán ló máa jẹ gbogbo rẹ̀ o.” Òótọ́ sì ni wọ́n sọ, màá dé ibẹ̀.

Mo tẹ́ ẹ kó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi nídùbúlẹ̀. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá. Ibì kan ṣoṣo, tó fẹ̀ bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì, ni mo fi sílẹ̀ láìbò lórí bẹ́ẹ̀dì kìíní, kí n lè fi wé ìyókù.

1 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, òjò ò rọ̀, mi ò bu omi sí bẹ́ẹ̀dì kìíní rárá. Mo kúnlẹ̀ lónìí láti wò ó. Ibi tí mo fi sílẹ̀ láìbò ti ya, ojú sísán rẹ̀ gbà ìka mi méjì, eruku pupa ni òkè rẹ̀. Mo ṣí koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù, mo bù ú, mo fún un mọ́ ọwọ́, ó dì, kò sì tú. Ekòló kan ń rá lọ nínú rẹ̀. Láàárín ibi méjèèjì, kò tó ìbú ọwọ́ kan. Mo pe àwọn ọmọ wá wò ó, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Táyé ní, “Dádì, abẹ́ yìí dà bí inú fíríìjì.”

Tòmátì tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá wá sí mi lọ́kàn. Omi ni mo rò pé ó wọ́n wọn nígbà yẹn. Aṣọ ni ilẹ̀ ò rí wọ̀.

3 sí 9 Oṣù Kọkànlá: dúróòmù

Mi ò fẹ́ máa fi abọ́ bu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí di oṣù kẹrin. Mo lọ sí ọjà Dei-Dei, mo ra dúróòmù ike onílítà 200, tápù kan, páìpù, àti okùn ike aníhò tó ń kán omi, ihò kan ní 30 sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Okùn méjì ni mo tẹ́ sí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ koríko. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 36, ihò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 120.

Dúróòmù gbọ́dọ̀ ga kí omi lè rìn láìsí ẹ̀rọ. Mo fi páákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ìjókòó fún un, mo gbé e lé e lórí, mo pọn omi kún un lálẹ́ ọjọ́ 5. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí, a gbọ́ gbì. Ẹsẹ̀ ìjókòó kan ti rì sínú ilẹ̀ tí omi tápù ti ń kán sí, dúróòmù dojú dé, tápù fọ́, bẹ́ẹ̀dì kejì sì di ẹrẹ̀. Àyà mi já nígbà tí mo rí ibi tí ó ṣubú sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi máa ń jókòó ṣeré. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan: kílò 200 ni mo gbé lé orí páákó tó ti gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú lórí ìwọ̀n yìí kí ẹ tó ronú lórí ìṣó.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ díẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo tẹ̀ ẹ́, mo wá to búlọ́ọ̀kù oníhò ńlá ní ìlà mẹ́rin, mo fi síméntì dì í. Gíga rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí síméntì le.

Nígbà tí mo ṣí tápù, bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ dúróòmù ń mu omi, ìkẹfà ò rí nǹkan kan. Mo rò pé ihò ti dí. Kò dí. Agbára omi tó ń bọ̀ láti gíga tí ò tó mítà kan kéré gan-an, bí okùn bá gun òkè díẹ̀ bí ìka mẹ́ta péré, omi á dúró síbẹ̀. Mo fi páìpù rọ́bà tó mọ́lẹ̀ kedere tí mo bu omi sí wọn ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, mo rí i pé ọ̀nà tó lọ sí bẹ́ẹ̀dì ìkẹfà fi ìka mẹ́rin ga. Mo gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ páìpù náà, omi sì dé. Mo fi aṣọ ìbọ̀sẹ̀ obìnrin méjì ṣe asẹ́ sí ẹnu tápù nínú dúróòmù, nítorí pé yanrìn kànga wa pọ̀. Dúróòmù kan máa ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ kó tó kán tán. Ìró rẹ̀ lábẹ́ koríko dùn mọ́ mi létí.

15 sí 17 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ́ tòmátì nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn agogo márùn-ún, kí wọ́n lè fi gbogbo òru gbádùn kí oòrùn tó rí wọn. Ewé wọn ti tó márùn-ún sí mẹ́fà. Mo ya koríko ní ibi ihò okùn kọ̀ọ̀kan, mo gbin ọ̀kan síbẹ̀, mo fo ihò kan, mo tún gbin òmíràn. Mo rì í dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́ nítorí pé igi tòmátì máa ń ta gbòǹgbò ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá kàn án. Ogójì igi. Kábéèjì mẹ́rìndínlógún. Ata rodo mẹ́wàá.

Kárọ́ọ̀tì ò ṣeé lọ́, mo fọ́n ọn tààrà sí bẹ́ẹ̀dì ìkẹfà, ibi tí mo ti ṣa òkúta kúrò jù.

20 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Leeds. Ìgbà ìwọ́wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́dọ̀ wọn, igi ti wọ́wé tán. Wọ́n ní ewé ni àwọn ń gbá láti àárọ̀, àwọn ń rọ ọ́ sínú àpò tí àwọn ti lu níhò, á wà níbẹ̀ fún ọdún kan sí méjì kó tó di ilẹ̀dú. Wọ́n ti gbin aáyù, nítorí pé aáyù fẹ́ kí òtútù kọ́kọ́ mú òun kó tó lè pín sí ọmọ. Wọ́n bi mí léèrè pé, “Ìwọ ń kọ́? Ṣebí ooru lẹ ń jẹ lọ́hùn-ún ní tiyín.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń bo ilẹ̀.” Wọ́n ń sá fún yìnyín, mò ń sá fún ọ̀dá, iṣẹ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ wa.

Mo yá àrà wọn lò. Ewé máńgò àti ewé kájú tó ń wọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò, mo ti rọ àpò mẹ́ta, mo ń fi omi tí a fi ṣan ìrẹsì wọ́n wọn.

28 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ dé. Mo jí, mi ò rí òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò, ètè mi ti là. Eruku funfun bo ewé gbogbo. Inú tòmátì dùn sí òtútù òru yìí: bí òru bá gbóná ju nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 21 lọ, òdòdó rẹ̀ á máa gbọn dànù láìso, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Kano àti Kaduna fi ń kó tòmátì jáde nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n eruku máa ń fa kòkòrò pupa tíńtìntín tó ń hun òwú sábẹ́ ewé. Láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo ń fi omi fọ́n abẹ́ ewé.

Mo fi pòròpórò tó kù ṣe ọgbà sí ìhà àríwá. Mi ò hun ún dí. Bí a bá fi pátákó dí afẹ́fẹ́ pa, ńṣe ló máa fò ó kọjá, táá sì já lu ohun ọ̀gbìn ní òdìkejì. Èyí tó ní àlàfo á dín in kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ògiri, mo ro ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 3 mọ́ féfé nítorí iná. Àwọn ọmọkùnrin ti ń sun igbó pa eku. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nìkan, koríko gbígbẹ ló kún ọgbà mi.

4 Oṣù Kejìlá

Ikán ti dé bí Màmá ará Kàbà ti sọ. Wọ́n ti jẹ ìdí ata mẹ́ta. Mo wo dáadáa, mo rí i pé ata tí koríko kàn lára ni, ìyókù ò ní nǹkan kan. Mo fa koríko sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò nídìí gbogbo igi, mo fi eérú sí àlàfo náà. Koríko ni wọ́n ń jẹ báyìí. Mo gbà fún wọn, màá tún wá òmíràn.

Nǹkan mìíràn ló dẹ́rù bà mí jù. Ewé tòmátì kan ní ojú funfun, bí ẹni pé wọ́n fi ike fọ́ọ́fọ́ọ́ bo ibẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí ìdin aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀, kò gùn ju èékánná ìka kékeré lọ. Tuta absoluta ni, labalábá òru kékeré tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ewé tòmátì. Ẹni tó bá wà ní Abuja ní 2016 á rántí: òun ló run oko tòmátì ní Kaduna débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì, tí agbọ̀n tòmátì kan di ohun tí apá ò ká, tí àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì. Mo já ewé mọ́kànlá, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo so ó pa, mo fi sínú oòrùn. Mi ò jù ú sórí àkìtàn. Mo gún ewé dóńgóyárò, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo pò ó mọ́ ọṣẹ díẹ̀, mo fi fọ́n wọn nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Láàárọ̀ gbogbo, kí n tó wẹ̀, mò ń yẹ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì igi, ogún ìṣẹ́jú.

14 Oṣù Kejìlá

Okùn kànga: kókó mẹ́fà. Ní ìparí oṣù kẹwàá, mẹ́ta ààbọ̀ ni. Kànga náà jìn tó mítà 10, nítorí náà mò ń ṣọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, ní irú ọjọ́ yìí, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlá ni mò ń dà sí ilẹ̀ lóòjọ́, igi sì ń kú. Báyìí, dúróòmù kan ní ọjọ́ méjì, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ. Mi ò tíì pe mẹ́ruwà rí.

Àlùbọ́sà ti ga tó pẹ́ńsù, mo lọ́ wọn lánàá, 120 ní bẹ́ẹ̀dì kẹta tó gbóná nígbà kan. Ilẹ̀ rẹ̀ ló wá dára jù báyìí. Kárọ́ọ̀tì ki jù, mo ti ń fa wọn tu ní mẹ́ta mẹ́ta.

Tòmátì ti ń so. Kẹ́hìndé kà á lónìí, ó ní mẹ́tàdínlógún, Táyé ní méjìdínlógún, wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tí kò tíì tóbi ju ẹyin aláǹgbá lọ bóyá ó yẹ kí wọ́n kà á. Màmá ará Kàbà yọjú lórí ògiri, wọ́n ní kí n fi koríko díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ ti jẹ́ kí á jọ gé e ní oṣù kẹsàn-án.”

Lọ́la, màá bọ́ asẹ́ inú dúróòmù, màá fọ̀ ọ́. Omi bẹ́ẹ̀dì ìkẹfà ti ń fà díẹ̀díẹ̀ láti àná.